Ohun Tí Ojú Ò Tó: Ìwádìí Lórí Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Ka Àwòrán Inú Ilẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ya búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ kan sórí ìwé, kí iwájú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan àti orí rẹ̀ hàn. Ìpele òkúta dúdú kan wà nínú rẹ̀. Níwájú, ìpele náà tẹ́ rẹrẹ, sẹ̀ǹtímítà 2 ló fi jìn sí orí búlọ́ọ̀kù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fì lọ sísàlẹ̀ títí tó fi dé ẹ̀yìn, níbi tó ti fi sẹ̀ǹtímítà 6 jìn sí orí. Bí a bá wá gé búlọ́ọ̀kù yìí ní àárín gan-an, kí ojú ibi tí a gé kọjú síbi tí iwájú kọjú sí, níbo ni ìpele dúdú náà yóò wà? Sẹ̀ǹtímítà 4 ni ìdáhùn. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ 2, tí èkejì kọ 5. Olùkọ́ á fa ìlà pupa sórí méjèèjì, òdo ni kálukú wọn á gbé lọ sílé.

Èmi ò gbà pé òdo méjèèjì jọra. Ẹni tó kọ 2 da ohun tó rí níwájú kọ ni, kò wọ inú búlọ́ọ̀kù náà rárá. Ẹni tó kọ 5 ti wọlé. Ó ti rí i pé ìpele náà ń sọ̀ kalẹ̀ bó ti ń lọ sẹ́yìn, ìwọ̀n ló ṣì. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjì yìí ju ìyàtọ̀ àárín ẹni tó kọ 5 àti ẹni tó kọ 4 lọ fíìfíì. Ìwádìí tó bá jẹ́ pé iye ẹni tó gbà á àti iye ẹni tó ṣì í nìkan ló ń kà ti da èyí tó ṣe kókó nù.

Yael Kali àti Nir Orion ló la ọ̀nà àtiwo àṣìṣe báyìí fún wa. Ní 1996, wọ́n gbé ìwádìí wọn jáde nínú Journal of Research in Science Teaching, lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama ní Ísírẹ́lì. Irú ìbéèrè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi yìí wà nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe, tí wọ́n pè ní GeoSAT. Wọn ò da àṣìṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n tò ó, wọ́n sì rí i pé àwọn kan dúró sójú òde búlọ́ọ̀kù, àwọn mìíràn sì gbìyànjú láti wo inú, bí wọn ò tilẹ̀ gbà á. Kí èèyàn lè fi ọkàn la inú òkúta kọjá wà lára ohun tí wọ́n rí pé ó ń ya akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ́tọ̀ sí èkejì.

Kíkà àwòrán inú ilẹ̀ le lóòótọ́. Àwòrán jiọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, kì í ṣe fọ́tò. Nígbà tí onímọ̀ nípa ilẹ̀, Nicolas Steno, gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1669, ó ya àwòrán mẹ́fà láti fi hàn bí ilẹ̀ Tuscany ní Ítálì ṣe di bó ṣe dà: ìpele tẹ́, inú rẹ̀ di ihò, orí rẹ̀ ya lulẹ̀, òkun tún kó ìpele tuntun sínú àfonífojì, inú ìyẹn náà tún di ihò, ó tún wó. Kò sí ẹni tí nǹkan wọ̀nyí ṣojú rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni Steno wò tó fi ya ohun tó ti lọ. Ìdí nìyẹn tí ìlà kan ṣoṣo fi ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀: ó ń sọ ibi tí òkúta wà, ó sì ń sọ èyí tó ṣáájú èyí. Ní 1976, òpìtàn Martin Rudwick fi hàn pé láàárín 1760 sí 1840 ni èdè àwòrán yìí fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀. Bó bá gba àwọn àgbà ní ọgọ́rin ọdún, kí ló dé tí a fi ń retí pé kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún gbọ́ ọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan?

Nígbà mìíràn, àwòrán náà ló jẹ̀bi. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, pupa ni wọ́n ń kun mántù, ìyẹn apá ilẹ̀ ayé tó wà láàárín èèpo àti kókó inú. Akẹ́kọ̀ọ́ wò ó, ó ní òkúta yíyọ́ ni. Òkúta líle ni mántù fẹ́rẹ̀ẹ́ jálẹ̀. Irú ìgbì ilẹ̀ ríri tí kì í gba inú ohun olómi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ wo ti ìwọ̀n náà. Láti ojú ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé jẹ́ kìlómítà 6,371. Bí ìwé bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 dúró fún un, èèpo ilẹ̀ tó nípọn tó kìlómítà 35 kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ, ìlà pẹ́ńsù lásán. Ṣùgbọ́n wọ́n á yà á nípọn bí èèpo ọsàn kí ojú lè rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń na gíga ní ìlọ́po mẹ́wàá, tí ìpele tó fì ní dígírì 2 á wá rí bíi dígírì 19 lórí ìwé. Ọmọ náà ò ṣì í kà o. Bí wọ́n ṣe yà á ló ṣe kà á.

Àwọn kan á ní kí a kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi tí òkúta wà, wàhálà tán. Mo fara mọ́ ìrìn àjò, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, ògiri kòtò náà ga, ìpele amọ̀ tó ti le sì hàn lórí òkúta ẹfun kedere. Síbẹ̀, ojú kan ṣoṣo ni ògiri náà, bí iwájú búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó ń dúró sójú òde lórí ìwé lè dúró sójú òde níbẹ̀ náà.

Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ìwádìí wa tẹ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo ọ̀nà tó gbà dé ìdáhùn. Kí a fún un ní pẹ́ńsù, kó máa sọ̀rọ̀ bó ti ń yà á. Kim Kastens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti jẹ́ ká mọ̀ pé ọwọ́ pàápàá ń sọ̀rọ̀: ẹni tó ń ronú nípa òkúta á máa fi àtẹ́lẹwọ́ júwe bó ṣe fì. Nílẹ̀ wa níbí, ọ̀rọ̀ èdè tún wà ńlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àkọlé ara àwòrán, Gẹ̀ẹ́sì náà ni a fi ń bi ọmọ tó jẹ́ pé Yorùbá ló fi ń ronú. Bí a bá jẹ́ kó sọ ọ́ lédè rẹ̀, a ó gbọ́ ohun tí máàkì kò lè sọ fún wa. Ẹni tó ní “ó wà lábẹ́” ti mọ ibi tí òkúta wà. Ẹni tó ní “ó ń fì wọlé lọ” ti ń bá a rìn.

Nítorí náà, ní Ewékorò, ìbéèrè tí màá kọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró níwájú ògiri náà ni pé: bí a bá gbẹ́ ogún mítà wọlé síwájú sí i, níbo ni òkúta ẹfun yìí yóò wà? Kó tó lanu, màá ti kọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀.