Victor Anomah Ngu àti Ọmọ Ogun Inú Ara: Àyẹ̀wò Ìwádìí Ìbàdàn lórí Jẹjẹrẹ Àgbọ̀n Ọmọdé

Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà la ilẹ̀ Kétu já, Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ìyá kan náà sì di ará orílẹ̀-èdè méjì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìlà mìíràn tí wọ́n fà sórí ilẹ̀ Kamẹrúùn fi ìlú Buea sábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì so ó mọ́ Nàìjíríà. Ìdí nìyí tí ọmọkùnrin kan tí a bí ní Buea ní 1926, Victor Anomah Ngu, fi wá kàwé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn ní 1948, ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ gan-an. Ó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, ó gboyè dókítà ní St Mary's ní 1954, ó padà sí Ìbàdàn, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ abẹ. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe láàárín wa.

Àrùn tí ó bá jà ni jẹjẹrẹ àgbọ̀n ọmọdé, èyí tí Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ní Ùgáńdà, kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1958. Àgbọ̀n ọmọ a wú, eyín a bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ojú a yọ síta, gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ó wà lára àwọn jẹjẹrẹ tí ó ń yára dàgbà jù lọ. Ibi tí ibà ti gbilẹ̀ ni ó ti wọ́pọ̀, láti Ùgáńdà títí dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ní 1964, àwọn onímọ̀ Epstein, Achong àti Barr rí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì nínú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí a kọ́kọ́ rí nínú jẹjẹrẹ ènìyàn.

Ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ kò ràn án. Ngu wá yíjú sí oògùn bíi methotrexate àti cyclophosphamide, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ sì ti di àgbàyanu. Ó rí àwọn ọmọ mìíràn ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tí oògùn tí wọ́n lò kò tó èyí tí ó lè pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ run, síbẹ̀ tí wíwú náà rọlẹ̀ pátápátá, tí kò sì padà wá mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ni ó pa ìyókù? Ìdáhùn rẹ̀, tí ó gbé jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1967, ni pé ara ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó parí ogun tí oògùn bẹ̀rẹ̀. Kò dá nìkan ṣiṣẹ́: Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osunkoya wà ní Ìbàdàn kan náà, tí ó ń fi sẹ́ẹ̀lì àrùn yìí ṣe ìwádìí ní yàrá àyẹ̀wò. Ní 1972, nígbà tí Ngu ti padà sí Kamẹrúùn, òun àti àwọn mìíràn, Burkitt náà wà lára wọn, jọ gba ẹ̀bùn ìṣègùn Lasker ní Amẹ́ríkà.

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Àwọn ọmọ ogun inú ara, tí ń bá àrùn jà, dàbí ẹ̀ṣọ́ ibodè tí ó mọ àlejò yàtọ̀ sí ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ jẹ́ ọmọ ìlú tí ó dìde pa ìlú. Ìdí nìyí tí ọmọ ogun ara fi máa ń jẹ́ kí ó kọjá. Ohun tí àwọn onímọ̀ Allison àti Honjo gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2018 ni bí a ṣe ń tú ìjánu ti ara fúnra rẹ̀ tí ó de àwọn ọmọ ogun náà. Àwọn mìíràn tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọn a fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọn a fi jíìnì titun sínú sẹ́ẹ̀lì ajagun inú rẹ̀, wọn a sì dá a padà sí ara rẹ̀ láti ṣọdẹ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú ìtọ́jú yìí fún àwọn ọmọdé ní oṣù kẹjọ 2017. Owó rẹ̀ nígbà náà jẹ́ 475,000 dọ́là. Èmi kò sọ pé Ngu ni ó ṣe èyí. Mo ní ìbéèrè tí gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí ni ó béèrè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ wa, nígbà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò tíì kà á sí.

Ní Kamẹrúùn, Ngu di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Yaoundé, ó di mínísítà ètò ìlera, kí ó tó ṣí ilé ìwòsàn tirẹ̀, níbi tí ó ti ń fi kòkòrò HIV tí ó bá mú lára aláìsàn ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún aláìsàn náà. Òtítọ́ kò ṣeé fi pamọ́: kò sí ìwádìí ńlá tí ó fi ìdí abẹ́rẹ́ yẹn múlẹ̀, iṣẹ́ Ìbàdàn ni ó sì gbé orúkọ rẹ̀ ró. Ó di olóògbé ní 2011.

Oògùn tí Ngu lò fún jẹjẹrẹ àgbọ̀n ní Ìbàdàn ṣì wà, kò wọ́n bí ti Amẹ́ríkà, ó sì ń wo ọ̀pọ̀ ọmọ sàn bí wọ́n bá tètè dé. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí ní Ìlárá, Ìmẹ̀kọ, Ayétòrò àti Ìlaròó, àti ẹ̀yin ẹbí wa ní òdìkejì ibodè, bí àgbọ̀n ọmọ bá ń wú tí eyín rẹ̀ sì ń mì, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fún ẹni tí yóò kàn yọ eyín. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà.