Ohun Tí Odò Ògùnpa Kọ́ Èmi Ọmọ Ìdànrè

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ọjọ́ tí ìyá àgbà, ìyá ìyá mi, bá mi níbi tí mo ti ń da ilẹ̀ sínú odò kékeré ẹ̀yìn ilé wa ni mo tó mọ ìtumọ̀ òwe yìí. Wọn kò nà mí. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì sọ ìtàn Odò Ògùnpa fún mi.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹwàá. Àkọ́rọ̀ òjò kì í tètè mú odò kún, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ ló ń mu ún. Bí ó bá fi di oṣù Keje, ilẹ̀ ti mu àmuyó, èyí tí ó bá tún rọ̀, odò ló ń gbà á. Ti Ìdànrè wa tún le, nítorí àpáta kì í mu omi. Bí òjò bá ti rọ̀ sórí òkè, kíá ni àgbàrá ti dé ìsàlẹ̀.

Ìyá àgbà ń ta àdìrẹ ní Ìbàdàn nígbà náà. Wọ́n ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fẹsẹ̀ la Ògùnpa kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kọ́lé sí bèbè rẹ̀, wọ́n sì fi pàǹtí dí i lọ́nà. Ó ti ṣọṣẹ́ ní 1978, síbẹ̀ a kò kọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ, 1980, òjò rọ̀, kò dá. Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Àwọn tí ó kú lé ní 100. Ìyá àgbà pọn ìyá mi, tí kò tíì pé ọdún kan, wọ́n sá lọ sí ibi gíga. Gbogbo àdìrẹ wọn bómi lọ. Ọwọ́ òfìfo ni wọ́n fi padà sí Ìdànrè.

Lẹ́yìn náà, ìjọba fi kọnkéré ṣe ojú ọ̀nà fún Ògùnpa, iṣẹ́ náà sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, ní 26 oṣù Kẹjọ, 2011, omi tún ya wọ Ìbàdàn, ó wó afárá, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 sì tún ṣòfò. Oṣù Kẹjọ kan náà ni, ìgbà tí ilẹ̀ ti yó.

Láti ọjọ́ náà, n kò da ilẹ̀ sódò mọ́. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ òní, mo tún rí àpò ìdọ̀tí mẹ́ta nínú odò ẹ̀yìn ilé wa. Ẹ̀yin ará Ìdànrè, a kò lè ní kí òjò má rọ̀. Ọ̀nà tí omi yóò gbà kọjá nìkan ni ó wà ní ìkáwọ́ wa. Ẹ má jẹ́ kí a dí i.