Ẹrù Tó Purọ́ Ìwọ̀n Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi dé ibùdókọ̀ ná. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gúnlẹ̀, ẹrù kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Wọ́n kọ nǹkan méjì sára ìdì kọ̀ọ̀kan: orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bí ó ṣe gùn tó. Alábàárù tó ń wá ìdì aṣọ kò ní láti tú ìdì ata. Yóò ka orúkọ, yóò wo gígùn, yóò fo ìyẹn kọjá, yóò sì bọ́ sórí èyí tó kàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ fáìlì orin àti àwòrán ṣe rí nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí irọ́ kan wà nínú rẹ̀ tó kó àwọn oníkọ̀ǹpútà sí wàhálà.

Ní ọdún 1985, ní Amẹ́ríkà, Jerry Morrison tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Electronic Arts gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IFF. Láyé ìgbà náà, àwòrán tí a bá fi ètò kan yà, ó ṣòro kí ètò mìíràn tó lè ṣí i. Kálukú ló ń sọ èdè tirẹ̀ bí ará Bábélì. Morrison ní kí ìdì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́rin tó jẹ́ orúkọ rẹ̀, kí báìtì 4 mìíràn sọ gígùn rẹ̀, kí ẹrù gan-an wá tẹ̀ lé e. Ètò tó bá pàdé orúkọ tí kò mọ̀, kó má bá a jà, kó fò ó kọjá. Ọgbọ́n ńlá lèyí o! Fáìlì tí a ṣe lónìí lè ní ìdì tuntun nínú, síbẹ̀ kí ètò àná ṣì rí tirẹ̀ kà níbẹ̀.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ní 1988, Apple fi ìlànà yìí ṣe AIFF fún ohùn àti orin. Ní 1991, Microsoft àti IBM gbé RIFF jáde. Inú rẹ̀ ni WAV, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀, ti wá. Ṣùgbọ́n wọ́n yí nǹkan kan padà. Ìlànà ti Morrison ń kọ báìtì tó wúwo jù ṣáájú. RIFF ń kọ èyí tó fúyẹ́ jù ṣáájú, bí ẹ̀rọ Intel ti ń ṣe. Nọ́ńbà 16 nínú IFF jẹ́ 0, 0, 0, 16. Nínú RIFF, ó di 16, 0, 0, 0. Ẹni tó bá ka ti RIFF bí ẹni ń ka ti IFF, 16 yóò di 268,435,456 mọ́ ọn lójú. Ẹ kò rí nǹkan!

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ RIFF ni ANI, fáìlì àwòrán atọ́ka kékeré tó ń mira lójú kọ̀ǹpútà. Ìdì kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ anih. Báìtì 36 péré ló yẹ kó gùn. Windows tọ́jú àyè báìtì 36 dè é. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ gígùn ẹrù? Ẹrù fúnra rẹ̀ ni! Bí ọ̀daràn bá wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ju 36 lọ ńkọ́? Windows yóò da gbogbo rẹ̀ sínú àyè kékeré yẹn, yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀, yóò bo ibi tí kọ̀ǹpútà kọ ọ̀nà àbọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ọ̀nà tó wu ọ̀daràn ni kọ̀ǹpútà yóò wá gbà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, Microsoft fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà: wọ́n ń yẹ gígùn anih wò. Àṣé fáìlì kan lè gbé anih méjì! Ẹ̀ṣọ́ ń wo ti àkọ́kọ́. Apá ibòmíràn nínú Windows ló ń ka èkejì, kò sì bèèrè ohunkóhun. Alexander Sotirov ti ilé iṣẹ́ Determina rí i, ó sì fi tó Microsoft létí ní oṣù kejìlá ọdún 2006. Kí àtúnṣe tó dé, àwọn ọ̀daràn náà ti gbọ́n sí i. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún 2007 ń parí lọ, wọ́n ti ń dẹ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kàn yà síbẹ̀ wòran, ó tán, wọ́n ti wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Windows Vista tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà lọ́dún náà kò yọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, Microsoft sáré gbé àtúnṣe jáde, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n gbé e jáde.

Ṣé ẹ rí i? Ìlànà Morrison kọ́ ló jẹ̀bi. Alábàárù tó gba ọ̀rọ̀ ẹrù gbọ́ láìwọ̀n ọ́n ló fa wàhálà.

Èdè Python ní irinṣẹ́ kan tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ chunk, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tú irú ìdì wọ̀nyí. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dà 3.13 ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n wave, tó ń ka WAV, ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, iṣẹ́ náà kò pọ̀. Ka báìtì 8: orúkọ àti gígùn. Bi ara rẹ pé, ǹjẹ́ ohun tó ṣẹ́ kù nínú fáìlì tó gígùn yìí? Ǹjẹ́ àyè tí mo ní gbà á? Ìdì wo ni mo ti rí tẹ́lẹ̀ tó tún ń padà wá? Lẹ́yìn náà, kà á tàbí kí o fò ó. Bí gígùn náà kò bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba, fi báìtì kan kún fífò rẹ, nítorí wọ́n máa ń fi òfìfo kan dí i.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun tí àlejò bá sọ nípa ẹrù rẹ̀, ká gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ká má ṣe gbàgbé òṣùwọ̀n nílé.