Ọ̀nà Ẹfun, Ọ̀nà Ọ̀dà

Ẹni tó bá ń kọ́ rélùwéè kékeré sórí tábìlì kì í kọ́kọ́ ro ti títì. Irin ló máa ń gbà á lọ́kàn, àti ẹ́ńjìnnì, àti ibùdókọ̀. Bí iṣẹ́ bá kù díẹ̀ kó parí, á fi pẹ́ńtì dúdú fa ìlà gbọọrọ kan láàárín ilé, ó di títì nìyẹn. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Abúlé Long Wittenham, ní agbègbè Oxford, ni ojú mi ti là.

Ibẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pendon wà. Roye England ló dá a sílẹ̀ ní 1954, ọmọ Ọsirélíà tó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1925. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin Great Western gan-an, Swindon tí wọ́n ti ń rọ ẹ́ńjìnnì wọn kò sì jìnnà síbi tó ń gbé. Ṣùgbọ́n bó ti ń rìn káàkiri àfonífojì Vale of White Horse, ó rí i pé ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló ń pòórá. Wọ́n ń ṣí koríko kúrò lórí ilé, wọ́n ń da ọ̀dà sójú ọ̀nà. Ó pinnu láti tọ́jú àfonífojì náà pamọ́ bó ti rí láyé 1930 sí 1939, mìlímítà 4 dípò ẹsẹ̀ bàtà kan. Páálí àti àwọ̀ olómi ni wọ́n fi ṣe ara ilé, bíríkì kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀.

Ẹfun ni òkè agbègbè yẹn. Ẹṣin ńlá tó wà lára òkè Uffington, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 110, ẹfun náà ni wọ́n kì sínú kòtò rẹ̀ tó fi ń tàn láti òkèèrè. Ìdí nìyí tí àwọ̀ ọ̀nà fi ń sọ ọdún fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà: bó bá funfun bí ẹfun, ọ̀dà kò tíì débẹ̀.

Òkúta ló ṣáájú ọ̀dà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, John Loudon McAdam kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti fọ́ òkúta wẹ́wẹ́, kí àárín ọ̀nà yọ díẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá kí omi lè ṣàn sí ẹ̀gbẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ń tẹ̀ ẹ́, ó ń le sí i. Mọ́tò ló bà á jẹ́: táyà ń tú eruku jáde, òkúta ń fò. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edgar Purnell Hooley rí ibi tí àgbá ọ̀dà ti dànù, tí ẹnìkan sì da ìdàrọ́ irin bò ó. Ibẹ̀ kò ní eruku rárá. Ní 1902 ó gba ìwé àṣẹ lórí àdàlù náà.

Nígbà tí mo fi òṣùwọ̀n Pendon wo títì tèmi, ìṣirò ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Títì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 18 di mìlímítà 72. Òkúta ínǹṣì 2 kò tó mìlímítà kan. Iyanrìn tí mo ti ń lẹ̀ mọ́ pákó, àpáta ni lójú ènìyàn kékeré tó dúró létí ọ̀nà! Mo hó gbogbo rẹ̀ kúrò. POP ni mo ń tẹ́ báyìí, mo ń jẹ́ kí àárín rẹ̀ yọ, mo ń fi sáńpépà rá a títí yóò fi jọ̀lọ̀. N kò fi dúdú kùn ún mọ́, nítorí oòrùn àti eruku kì í jẹ́ kí ọ̀dà dúdú pẹ́. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀, ibi tí táyà ń gbà sì máa ń dán díẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Ìbàdàn sórí tábìlì. Ojú irin láti Èkó ṣí débẹ̀ ní 1901. Ní 1906 ni ìjọba la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, kí ẹrù oko lè rọ́nà dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Mo wá pẹ́ńtì pupa kiri fún ọ̀nà náà, kò sí èyí tó rí bí ilẹ̀ ilé wa. Òmíràn jọ ẹ̀jẹ̀, òmíràn jọ ọsàn. Níkẹyìn mo gún àpáàdì ìkòkò kan tó fọ́ ní ilé ìyá mi, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́, mo wọ́n ọn sórí POP tí kò tíì gbẹ.

Èyí tó ṣẹ́kù ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri àti ewé tó sún mọ́ ọ̀nà. Ewé òkè, mo fi wọ́n sílẹ̀ ní tútù.