Ẹgbẹ́ Blue Spots àti Ogún Rẹ̀ nínú Orin Jùjú: Àyẹ̀wò Ipa Àwọn Onílù, Onígìtá àti Elégbè

Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ I. K. Dairo ní àwùjọ Yorùbá, ohùn rẹ̀ àti dùùrù àfọwọ́fà tí à ń pè ní àkọ́díọ̀nù ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí àwọn àgbà lọ́kàn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn rántí àwọn tí wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀: onígángan, onígìtá, alágogo, onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti elégbè. Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ tí ó wà lára àwo orin rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, I. K. Dairo àti ẹgbẹ́ Blue Spots ni. Ohun tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni láti fi hàn pé ogún ẹgbẹ́ ni ogún tí Blue Spots fi sílẹ̀. Bí a ṣe pín iṣẹ́ láàrin ìlù, gìtá àti ègbè ni àwọn ẹgbẹ́ tí ó tẹ̀ lé wọn jogún. Iṣẹ́ yìí yóò sì tún fi hàn pé àìkọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ jẹ́ àléébù nínú ìtàn orin Yorùbá, àléébù tí olùkọ́ lè ṣe àtúnṣe sí.

Ojú irin àti ìbẹ̀rẹ̀ Dairo

Ní ọdún 1907 ni ojú irin tí ó ti Èkó bọ̀ dé Òṣogbo. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà, kí ó tó forí lé ọ̀nà Jẹ́bà. Kì í ṣe ẹrù nìkan ni ojú irin kó; ó kó òṣìṣẹ́, ó sì kó orin pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ní Ọ̀fà ni bàbá Isaiah Kẹ́hìndé Dairo, tí í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ọ̀fà ni a bí Dairo sí ní ọdún 1930, bàbá rẹ̀ ni ó sì ṣe ìlù fún un ní kékeré. Nígbà tí owó ilé ẹ̀kọ́ kò sí mọ́, ó padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó ń ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀, ó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ olórin lù. Nígbà tí ó yá, ó tún kiri aṣọ. Ní Ìbàdàn, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀jọ́gẹ́ Daniel, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olórin jùjú.

Kókó kan wà níhìn-ín tí kò yẹ kí a gbójú fò. Kí Dairo tó di ọ̀gá, ó ti jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn. Inú ẹgbẹ́ ẹlòmíràn ni ó ti kọ́ bí a ti ń dáhùn orin kí ó tó mọ bí a ti ń lé e.

Iná mànàmáná la ọ̀nà fún ìlù

Nígbà tí Túndé King ń kọrin jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ènìyàn díẹ̀ ni ó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Gìtá kékeré olókùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú pelebe tó fún irú orin bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tàbí ilé ọtí. Bí ènìyàn bá lu gángan sí i, gángan yóò bo ohùn olórin mọ́lẹ̀.

Ìyípadà dé ní òpin àwọn ọdún 1940. Ní ọdún 1949, Àyìndé Bákàrè fi ẹ̀rọ agbóhùn kékeré mọ́ ara gìtá rẹ̀. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, gángan ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ẹgbẹ́ jùjú. Christopher Waterman, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn jùjú jáde ní ọdún 1990, so ohun méjèèjì yìí pọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ti gbé ohùn olórin àti gìtá sókè, àyè wá ṣí sílẹ̀ fún ìlù púpọ̀ sí i. Àwọn kan lè rò pé ohun èlò òyìnbó yóò lé ìlù Yorùbá jáde nínú orin. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni ó ṣẹlẹ̀: iná mànàmáná ni ó la ọ̀nà fún ọmọ Àyàn láti wọlé.

Ìpín iṣẹ́ nínú Blue Spots

Orí ìpìlẹ̀ yìí ni Dairo kọ́ ilé tirẹ̀ lé. Ní ọdún 1957, ó dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá sílẹ̀, ó pè é ní Morning Star. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, orúkọ náà yí padà sí Blue Spots. Àkókò náà wọ̀. Ní ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, òmìnira dé ní ọdún 1960, asọ̀rọ̀mágbèsì sì ti wà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ẹgbẹ́ náà borí nínú ìdíje orin tí a fi hàn lórí amóhùnmáwòrán, ilé iṣẹ́ Decca sì ń gbé àwo wọn jáde.

Àwo ìgbà náà kò gùn; nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ojú kan. Nítorí náà, kò sí àyè fún ìfàkókòṣòfò. Agogo ni ó ń pa ìwọ̀n ìgbésẹ̀ orin mọ́. Gìtá ń tẹnu mọ́ gbólóhùn kúkúrú kan láìsinmi. Dairo lé orin, elégbè gbè é. Gángan kì í kàn án lu ìlù lásán. Ó ń pa òwe, ó ń kini, nígbà mìíràn àwọn elégbè á sì fi ẹnu tún ohun tí ó sọ sọ. Àkọ́díọ̀nù ni ó ń dí àlàfo tí ó bá ṣẹ́ kù. Nínú orin bíi “Salome,” ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò gbọ́ pé bí a bá yọ ẹnì kan kúrò, gbogbo rẹ̀ yóò mẹ́hẹ. Ètò lílé àti gbígbè yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí Blue Spots ṣe ni pé wọ́n fún un ní ìwọ̀n tí ó bá àwo orin mu.

Ní ọdún 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá Dairo lọ́lá. Oyè náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni irú oyè bẹ́ẹ̀ lè gbà.

Àwọn tí ó jogún rẹ̀

Nígbà tí Sunny Adé dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1967, Green Spots ni ó pè é. Ó fi orúkọ náà júbà Blue Spots. Àwọ̀ nìkan ni ó yí padà. Kí ó tó dá a sílẹ̀, inú ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá ọmọ Iléṣà, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ni ó ti kọ́ṣẹ́. Bákan náà ni Ebenezer Obey, tí ó dá International Brothers sílẹ̀ ní ọdún 1964, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Fàtáì Rolling Dollar. Èyí fi hàn pé ẹgbẹ́ jùjú jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, níbi tí elégbè òní ti ń di ọ̀gá ọ̀la.

Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí mú gìtá àti ìlù pọ̀ sí i, orin wọn sì gùn ju ti Blue Spots lọ. Nígbà tí àwo Sunny Adé tí ó ń jẹ́ Juju Music jáde fún gbogbo àgbáyé ní ọdún 1982, gìtá àgbélẹ̀tẹ̀ tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ìpìlẹ̀ náà kò yẹ̀: gìtá ń tún gbólóhùn sọ, gángan ń sọ̀rọ̀, elégbè ń dáhùn. Dairo kú ní oṣù Kejì ọdún 1996. Ní òpin àwọn ọdún 1990, ọmọ rẹ̀, Paul Play Dairo, tún “Mo Sorire” kọ fún ìran tuntun.

Orúkọ tí kò sí lára àwo

Irú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1943, Muddy Waters kúrò ní oko òwú Mississippi, ó lọ sí Chicago. Ariwo ilé ọtí ìlú ńlá mú kí ó gba gìtá oníná, ó sì kó àwọn olórin jọ sí ẹ̀yìn orin blues rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ará ẹ̀yìn rẹ̀ kò sọnù. Little Walter tí ń fọn fèrè ẹnu gbé àwo “Juke” jáde ní orúkọ ara rẹ̀ ní ọdún 1952, Otis Spann tí ń tẹ dùùrù náà sì ní àwo tirẹ̀. Ní Èkó, Tony Allen tí ń lu ìlù fún Fẹlá nínú ẹgbẹ́ Africa 70 gbé àwo jáde ní orúkọ ara rẹ̀ láti ọdún 1975. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2020, ayé mọ ẹni tí ó lọ.

Ti jùjú yàtọ̀. Ọ̀gá ni ó sábà máa ń ní ohun èlò orin. Òun ni ó ń bá onínàáwó dúnàádúrà, òun náà ni ó ń pín owó. Orúkọ rẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ ni ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ sí ojú àwo. Nítorí náà, etí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ gángan Blue Spots dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò lè dárúkọ ẹni tí ó lù ú.

Àsokágbá

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ẹ̀rọ iná ni ó fún ìlù láyè nínú jùjú, pé Blue Spots sọ àyè náà di ètò, àti pé àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí ó tẹ̀ lé wọn jogún ètò náà. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ̀yà, ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ni ìtàn di mú.

Àpẹẹrẹ àtúnṣe kò jìnnà. Nínú ìwé tí Karin Barber kọ ní ọdún 1991 lórí oríkì ní Òkukù, ó dárúkọ àwọn obìnrin tí ń ki oríkì, ó sì ṣàlàyé bí oníkálukú wọn ti ń ṣe é. Bí ó ti ṣe é fún oríkì ni ó yẹ kí a ṣe é fún orin. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ní Ìgbàyè, Ìnísà, Ìkìrun tàbí Òkukù wádìí àwọn àgbà tí wọ́n ti bá ẹgbẹ́ olórin rìn rí. Kí ó béèrè orúkọ wọn, ìlù tí wọ́n lù, ọ̀gá tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ àti ọdún tí wọ́n lò níbẹ̀; kí wọ́n bá gbà, kí ó gba ohùn wọn sílẹ̀. Nínú kíláàsì, kí olùkọ́ gbé orin kan kalẹ̀, kí ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé ohun èlò kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tí wọ́n lu ìlù wọ̀nyẹn ní àwọn ọdún 1960 ti darúgbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lọ. Iṣẹ́ náà kò lè dúró de ọdún mìíràn.