Nígbà Tí Ebi Bá Wọnú

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣòro: ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìmọ̀ràn. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ti etí. Nínú ara ńkọ́? Ìgbà tí ebi wọlé gan-an ni àwọn ẹ̀yà ara ń ránṣẹ́ sí ara wọn jù.

Ẹ wo aláàwẹ̀ Ìlọrin nínú oṣù Ràmàdáánì. Ó jẹ sààrì, bóyá tùwó, bóyá ẹ̀kọ àti àkàrà, kò tún fẹnu kan nǹkan fún bíi wákàtí 13. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé sààrì náà ló ń gbé e dé ìrun Màgàríbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, oúnjẹ yẹn ti dà tán. Ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ tọ́jú pamọ́ ni ara ń ná, kò sì ju bíi gíráàmù 100 lọ. Ọpọlọ nìkan lè ná jù bẹ́ẹ̀ lóòjọ́. Ni ara bá yíjú sí ọ̀rá.

Lára àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rá ni họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè, tó ń ti inú ẹṣẹ́ kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ wá. Àwọn èèyàn rò pé ti ọmọdé nìkan ni. Rárá o, àgbà ní i títí dọjọ́ ogbó, bó tilẹ̀ ń dín kù. Òru, nígbà tí oorun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọra, ló máa ń tú jáde jù. Bí ebi bá sì kọjá ọjọ́ kan sí méjì, á máa tú jáde léraléra.

Ibí yìí ló yẹ ká ti fara balẹ̀. Kí ọ̀rá máa jó àti kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dín kù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹnì kan bá rù, a ó ní ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n họ́mọ̀nù yìí ń tú ọ̀rá sílẹ̀, ó sì tún ń dí ínsúlínì lọ́wọ́ kó má lè ti ṣúgà sínú iṣan. Iṣan á máa jó ọ̀rá, á fi ṣúgà sílẹ̀ fún ọpọlọ. Àánú ńlá ni fún ẹni tí ebi ń pa, nítorí ó tún ń dín bí ara ṣe ń fọ́ ẹran ara rẹ̀ kù.

Agbára ẹṣẹ́ yìí lórí ṣúgà ti hàn gbangba: Bernardo Houssay, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ajẹntínà, yọ ẹ̀yà tó ń ṣe ínsúlínì lára ajá, àtọ̀gbẹ sì mú wọn gidigidi. Nígbà tó yọ ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ mọ́ ọn, àtọ̀gbẹ náà rọlẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 1947.

Fún ẹni tó yó, ọ̀rọ̀ yí padà. Àgbàlagbà tí ẹṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe họ́mọ̀nù yìí láṣejù, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àgbọ̀n rẹ̀ á máa tóbi, òrùka kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀rá ara rẹ̀ dín kù, síbẹ̀ àtọ̀gbẹ sábà máa ń bá a. Ewu yìí kan náà ló ń dúró de àwọn tó ń gún un lábẹ́rẹ́ kí iṣan wọn lè yọ: wọ́n rí i pé ikùn ń fà, wọn ò yẹ ṣúgà wò.

Òwe wa kò sọnù o. Ọ̀rọ̀ tó ń bá ebi wọnú là ń sọ bọ̀. Bí ara kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Ní gúúsù Ecuador, àwọn èèyàn bíi 100 wà tí ara wọn kì í gbọ́ iṣẹ́ tí họ́mọ̀nù yìí ń jẹ́. Wọ́n kúrú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sanra. Ohun tí gbogbo wa ń sọ ni pé ẹni tó bá sanra bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ò ní pẹ́ dé. Àwọn olùṣèwádìí ṣọ́ wọn fún ohun tó lé ní 20 ọdún, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011: kò sí àtọ̀gbẹ lára ẹnì kankan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ó wà lára àwọn ìbátan wọn tó ga. Ínsúlínì díẹ̀ ti tó wọn, nítorí kò sí ẹni tó ń dí i lọ́wọ́.