Máìlì 12 àti kìlómítà: ẹgbẹ̀rún ló wà nínú orúkọ méjèèjì

Kò sí ẹni tó máa ń ti Èkó lọ sí Ìkòròdú tí kò mọ Máìlì 12, níbi tí àwọn oníṣòwò ata, tòmátì àti àlùbọ́sà pọ̀ sí. Láyé ìgbà tí wọ́n ń fi máìlì ka ọ̀nà ni ibẹ̀ ti gba orúkọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT láti Máìlì 12 dé Ìkòròdú lóṣù Kọkànlá ọdún 2015, kìlómítà 13.5 ni wọ́n pè é.

Èdè Látìnì ló bí máìlì. "Mille" ni àwọn ará Róòmù ń pe ẹgbẹ̀rún. Tí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó tún gbé ti òsì, ẹyọ kan ni wọ́n kà á sí. Tí irú rẹ̀ bá pé ẹgbẹ̀rún, máìlì kan nìyẹn, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 5,000. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di 5,280 lọ́dún 1593.

Èdè Gíríìkì ni kìlómítà tiẹ̀ ti wá: "khilioi" ni ẹgbẹ̀rún, "metron" ni òṣùwọ̀n. Àwọn Faransé tó ṣe òfin mítà lọ́dún 1795 pinnu pé ohun tó bá ju mítà lọ, kó jẹ́ orúkọ Gíríìkì. Èyí tí kò bá tó o, kó jẹ́ ti Látìnì. Bí "mille" ṣe tún wọnú mìlímítà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ tí a bá gé mítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ẹyọ kan péré ni mìlímítà. Bàbá kan náà ló bí òmìrán àti aràrá.

Yorùbá ní ibùsọ̀, ibi tí alárù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi. Àwọn kan ń lò ó fún máìlì, àwọn mìíràn fún kìlómítà, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà, nítorí máìlì kan fi mítà 609 gùn ju kìlómítà kan lọ. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ilẹ̀ tó fẹ́ rà lẹ́yìn Ìkòròdú jìnnà sí títì ní ibùsọ̀ mẹ́wàá, kó yáa béèrè èyí tí wọ́n ń wí, nítorí ó lè jẹ́ kìlómítà 16 ni yóò máa rìn.

Láti ọdún 1974 ni òfin Nàìjíríà ti gbé mítà ga ju máìlì lọ. Síbẹ̀, kò sí kọ̀ńdọ́ tó ń pe èrò sí Kìlómítà 19.